Ihò Mẹ́rin Lára Ọmọ Yúróòpù

Ẹnu ẹlòmíì ni dókítà eyín fi ń jẹun, ẹnu ara rẹ̀ ló sì kó bá a. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọkùnrin tó gbọ́n, tó nílé, tó lọ́mọ, ṣe dẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ nínú yàrá kan, tí táyà ń yí fìrìfìrì tí ọkọ̀ ò sì kúrò lójú kan, àfi kí ẹ bá mi padà sẹ́yìn díẹ̀. Kò ní pẹ́. Mi ò kàn lè sọ ìyà tó jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà kí n má kọ́kọ́ sọ irú ọkọ̀ tó fìyà jẹ ẹ́.

Ọkọ̀ asáré ni, aláwọ̀ ewé tó ṣú, oníjòkòó méjì péré, ó sì wálẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ ìbàdí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ló ń ṣe é, orúkọ kan ló ń jẹ́, àmọ́ oríṣi méjì ló ń jáde níbẹ̀. Ọ̀kan ń lọ sí Yúróòpù, ọ̀kan ń lọ sí Amẹ́ríkà. Lókèèrè, ẹ ó pè wọ́n ní ìbejì. Ẹ sún mọ́ wọn, ẹ ó rí i pé ọ̀kan jẹun kánú ju èkejì lọ. Ẹ́ńjìnnì ti Yúróòpù máa ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ pinpin kó tó dáná sí i, sàlẹ́ńsà rẹ̀ là gbalaja, bọ́mpà rẹ̀ fúyẹ́. Òfin èéfín ilẹ̀ Amẹ́ríkà ò fàyè gba irú ìyẹn nígbà tí wọ́n ṣe é. Wọ́n dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, wọ́n ki ẹ̀rọ tí ń fọ èéfín sí sàlẹ́ńsà lọ́fun, wọ́n gbé bọ́mpà gbàǹgbà kọ́ ọ níwájú lẹ́yìn, wọ́n fi irin kún ilẹ̀kùn. Wọ́n tún wá lu ihò mẹ́rin sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, fún àwọn iná kéékèèké tí òfin ní kó máa wà níbẹ̀. Aago tí ń sọ eré, máìlì ni wọ́n kọ sí i dípò kìlómítà. Ti Yúróòpù ní agbára ẹṣin bí igba ó lé ọgbọ̀n. Ti Amẹ́ríkà ò ju ọgọ́sàn-án lọ, ó sì tún sanra jù ú. Tí àwọn méjèèjì bá jọ gbéra, ti Yúróòpù á ti lọ, ti Amẹ́ríkà á ṣì wà lẹ́yìn tó ń mí hẹlẹ.

Bàbá ìyàwó dókítà ló fún un ní tirẹ̀ nígbà ìgbéyàwó. Mẹkáníìkì ni bàbá náà, ọmọ kan ṣoṣo ló sì bí. Lọ́jọ́ tó na kọ́kọ́rọ́ sí àna rẹ̀ lójú ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sọ ò ju gbólóhùn kan lọ, ó ní ti Yúróòpù tó o ní o fẹ́ nìyí. Orí dókítà wú. Lọ́jọ́ náà gan-an ló sọ ọkọ̀ náà ní Ọmọ Yúróòpù, kò sì sí ẹni tó gbádùn etí ara rẹ̀ mọ́ láti ìgbà yẹn.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tún eyín ṣe. Aláìsàn á la ẹnu, wọ́n á ki òwú àti irin bọ̀ ọ́, kò ní lè fèsì. Irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yìí ń rí mú. Bó bá ti fi abẹ́rẹ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kú, á fa àga tì wọ́n, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìdí tí ti Yúróòpù fi jẹ́ ọkọ̀, tí ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi táyà sí. Àwọn kan ní àwọn rò pé eyín tó ń dun àwọn sàn jùyẹn lọ.

Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n ṣègbéyàwó tí òjò kan rọ̀, tí omi sì rọ́ sínú búùtù ọkọ̀ náà. Dókítà ká kápẹ́ẹ̀tì, ó tú pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń wá ibi tí omi ń gbà wọlé. Ibẹ̀ há, orí rẹ̀ ò lè wọ̀ ọ́. Ó lọ mú díńgí kékeré onírù tó fi ń wo eyín ẹ̀yìn, ó tì í wọ ẹ̀yìn irin, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ohun tó rí kì í ṣe ojú omi. Ihò kan ni, ihò onígun mẹ́rin tí ẹnìkan ti fi pọ́tì, ohun rírọ̀ tó máa ń gbẹ le bí òkúta, dí, tó dí i dáadáa, tó fi ìfẹ́ dí i. Ẹni tó ń dí eyín láti àárọ̀ dalẹ́, ta ni yóò wá sọ fún un pé èyí kì í ṣe ihò tí wọ́n dí? Ní àárín pọ́tì náà ni àmì àtàǹpàkò wà, pẹ̀lú àpá kan tó dábùú rẹ̀.

Ó mọ àtàǹpàkò náà. Gbogbo ẹni tó bá mọ Bàbá ló mọ̀ ọ́n. Ohunkóhun tí Bàbá bá fi pọ́tì dí, kó tó gbẹ, á tẹ àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ tí irin ti gé lápá rí mọ́ ọn láti ẹ̀yìn, níbi tí ojú ò ní tó, á sì dúró díẹ̀ kó tó yọ ọ́. Fèrèsé ilé ìdáná wọn ní ọ̀kan. Abẹ́ agbada tí wọ́n ti ń fọ abọ́ ní ọ̀kan. Ìyàwó dókítà ló fi wọ́n hàn án nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó débẹ̀, tó ní bí Bàbá òun bá ti fọwọ́ tẹ nǹkan báyẹn, ó parí nìyẹn, kò ní jò mọ́.

Dókítà yí díńgí sí òdìkejì. Ihò tí wọ́n dí wà níbẹ̀ náà. Ó lọ síwájú, ó tú ike tó bo ẹ̀yìn táyà. Méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ihò mẹ́rin, àtàǹpàkò mẹ́rin: ihò iná ọkọ̀ Amẹ́ríkà. Ó jókòó gbì sórí sìmẹ́ńtì gáréèjì. Ìgbà yẹn ló wá yé e ìdí tí ọkọ̀ Lọ́yà, alága ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ asáré wọn, tó jẹ́ ti Yúróòpù tòótọ́, fi máa ń fi í sílẹ̀ ní ojú títì bí ẹni fi aláboyún sílẹ̀, tí òun sì ń rò pé òun ni òun ò mọ jíà yí.

Inú bí i, mi ò ní purọ́. Ó bí i débi pé ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìdáná láti lọ pe ìyàwó rẹ̀ wá wò ó. Ìyàwó náà dúró níwájú fèrèsé, ó ń fọ ife, ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti igi fèrèsé tí Bàbá rẹ̀ dí. Dókítà wò ó, ó yí padà sí gáréèjì, ó sì dá pákó ẹ̀gbẹ́ búùtù padà síbi tó wà.

Obìnrin yìí, olùkọ́ ìṣirò ni, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun fi ẹyọ kan yẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú kó tó mojú rẹ̀. Bàbá yìí ló tọ́ ọ dàgbà láàárín táyà àti gọ́tà epo, tó ń fi ọwọ́ tó ń ta òórùn epo di irun orí rẹ̀ kó tó lọ sí ilé ìwé. Òṣùwọ̀n tó fi ń wọn gbogbo ènìyàn, Bàbá rẹ̀ ni. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ti kékeré dàgbà purọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan, lórí ohun tí kò tó nǹkan. Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní. Ó sì máa ń wí i, bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ fún ọmọ kíláàsì, pé ayé yìí kún fún òpùrọ́, àmọ́ òun mọ ẹnìkan tí kò purọ́ fún òun rí.

Bó ṣe há nìyẹn o. Ẹ bá mi wò ó. Tó bá sọ fún Bàbá pé òun ti mọ̀, ojú á ti àgbàlagbà náà, kò sì ní lè jókòó sínú ilé wọn mọ́. Tó bá sọ fún ìyàwó rẹ̀, á ti gba Bàbá lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní Bàbá mìíràn tó máa fi rọ́pò. Kó ta ọkọ̀ náà ńkọ́? Ẹ̀bùn ìgbéyàwó ni, ta ló ń ta ìyẹn? Kó kúkú dẹ́kun fífọ́nnu? Àwọn méjèèjì ló máa bi í pé kí ló dé. Ni ó bá di pé kó máa fọ́nnu lọ. Ohun tó ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu tẹ́lẹ̀ wá di iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ pa jẹ. Gbogbo Sátidé tí Bàbá bá wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn, á nu ẹnu, á fẹ̀yìn ti àga, á béèrè pé Ọmọ Yúróòpù ńkọ́. Ìyàwó á rẹ́rìn-ín músẹ́, á yíjú sí ọkọ rẹ̀. Dókítà á sì bẹ̀rẹ̀. Á sọ bó ṣe ń fò, bó ṣe ń bú, bí wọ́n ṣe fi bẹ́ẹ̀dì onítáyà sílẹ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Bàbá á máa mi orí díẹ̀díẹ̀, á máa wo tábìlì. Ọdún ń gorí ọdún. Tí Lọ́yà bá ní kí àwọn sá a wò ní títì gbangba, dókítà á fa bíréèkì, á ní òun níyàwó, òun lọ́mọ.

Ibi tí ọ̀ràn ti wá bẹ́yìn yọ ni pé ọkùnrin kan ṣí ilé iṣẹ́ tuntun sí ìtòsí wọn, ó sì gbé ẹ̀rọ kan síbẹ̀ tí ń wọn agbára ọkọ̀. Oníwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rọ rẹ̀ ò mọ ẹnu, kò mọ orúkọ, kò sì mọ ẹ̀bùn ìgbéyàwó. Ẹ̀ ń gbé táyà ẹ̀yìn lé irin rìbìtì méjì tó wà nínú ilẹ̀, ẹ̀ ń tẹ epo títí dé ìsàlẹ̀, irin á máa yí lábẹ́ táyà, ojú ẹ̀rọ ara ògiri á sì sọ iye ẹṣin tó wà nínú ọkọ̀ yín. Lọ́yà dá a lábàá pé kí gbogbo ẹgbẹ́ wá wọn tiwọn. Ó ti rẹ ìyàwó dókítà láti máa gbọ́ yẹ̀yẹ́ Lọ́yà. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló fi orúkọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì pe Bàbá rẹ̀ kó wá fojú rí i.

Dókítà sá títí, kò rí ibi sá sí. Ó ní òun ní aláìsàn lọ́jọ́ náà. Ìyàwó ti bá akọ̀wé rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n ti sún aláìsàn síwájú. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun; ìyàwó fi róòbù ra á. Ó wá ní kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ náà ti ń yọ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì Bàbá ti dé pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi wà lábẹ́ ọkọ̀ náà. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un tutù síbẹ̀, àwọn tó wà nínú ilé ń gbọ́ bó ṣe ń tan ẹ́ńjìnnì, tó ń pa á, tó tún ń tàn án. Ìyàwó ní ẹ wo bí Bàbá òun ṣe fẹ́ràn yín tó. Dókítà ní òun rí i.

Bí Sátidé ṣe mọ́ nìyẹn. Yàrá ẹ̀rọ náà ò fẹ̀ ju gáréèjì ọkọ̀ kan lọ. Ògiri rẹ̀ jẹ́ fóòmù dúdú, fáànù ńlá kan kọjú sí imú ọkọ̀, páìpù kan tó dà bí ọwọ́ erin sì gba èéfín sàlẹ́ńsà jáde. Àwọn tó ń wòran dúró lẹ́yìn gíláàsì. Wọ́n wọn ti Lọ́yà ṣáájú, ó sì fún wọn ní igba ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Lọ́yà jáde, ó ń fi ọwọ́ nu bàtà tí kò dọ̀tí.

Wọ́n wá gbé Ọmọ Yúróòpù wọlé. Oníwọ̀n fi bẹ́líìtì ẹrù mẹ́rin kọ́ ọ, ó so wọ́n mọ́ òrùka irin inú ilẹ̀, ó fà wọ́n títí ọkọ̀ náà fi sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ó ní kí dókítà de bẹ́líìtì tirẹ̀ náà. Ó ti ilẹ̀kùn. Dókítà wo ọ̀tún, fóòmù dúdú. Ó wo òsì, gíláàsì ni, ojú ènìyàn mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń wò ó. Ìyàwó rẹ̀ wà níwájú, ó na àtàǹpàkò sókè sí i. Bàbá dúró tì í nínú ẹ̀wù tó lọ̀ gbọngbọn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti gíláàsì bí ẹni tí ilẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Dókítà ronú kan ọgbọ́n kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dá: kó má tẹ epo náà dé ìsàlẹ̀. Bí nọ́ńbà bá kéré, á ní ẹ̀rù ló ba òun. Ó gbìyànjú rẹ̀. Oníwọ̀n kan gíláàsì, ó mi orí, ó ní ẹ̀rọ ń fi hàn pé kò tẹ̀ ẹ́ tán, kó tún un ṣe. Ẹ̀rọ tí kò mọ ènìyàn, ó mọ irọ́. Dókítà tún jíà kó, ó gbé e dé ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ó sì ki ẹsẹ̀ bọlẹ̀.

Ariwo dé. Irin ń yí lábẹ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ aago gun òkè lọ, ìjókòó ń gbọ̀n, fáànù ń fẹ́ ooru padà sí i lójú. Eré tí kò sá rí láyé rẹ̀ ló ń sá yìí, ògiri kan náà ló sì ń wò. Ó ṣe é bíi kó ṣí ilẹ̀kùn kó fò jáde. Ìfọ́nnu ọdún mélòó ló wá kó jọ sínú yàrá yìí láti wá dè é, àbí? Ẹ́ńjìnnì náà ń ṣe ohun tó lè ṣe, tọkàntọkàn, kò mọ̀ pé wọ́n ti fi orúkọ ẹlòmíì pe òun. Nígbà tí abẹ́rẹ́ ò lè gòkè mọ́, Oníwọ̀n gbé ọwọ́ sókè pé ó tó.

Nọ́ńbà jáde lára ògiri. Mẹ́rìnléláàádọ́sàn-án.

Oníwọ̀n ṣí ilẹ̀kùn. Dókítà bọ́ síta, ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Lọ́yà ló kọ́kọ́ la ẹnu, ẹ̀rín sì ti wà nínú rẹ̀. "Dókítà, iye ti Amẹ́ríkà mà nìyí. Àbí ẹlòmíì ló bá ẹ pààrọ̀ ọmọ?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ò rẹ́rìn-ín. Ó wo nọ́ńbà ara ògiri, ẹ sì rántí pé olùkọ́ ìṣirò ni. Ó wo ọkọ̀, ó sì yí ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ síbi tí Bàbá rẹ̀ wà, bí ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n bá òun yanjú iṣẹ́ tó rú u lójú. Bàbá ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Dókítà rí i pé bí ìṣẹ́jú kan bá fi kọjá sí i, ohun tí òun ti fi ara bò láti ọjọ́ yìí wá á bọ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ẹlẹ́rìn-ín.

"Èmi ni mo bà á jẹ́," ló ní.

Wọ́n yíjú sí i. Ó ní lọ́dún kan, òun gbé e rìnrìn àjò láìwo omi rẹ̀. Ó ní omi gbẹ tán, ẹ́ńjìnnì gbóná títí ó fi kú lójú títì, òun bu omi sí i, òun sì wá a wálé, òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní láti ọjọ́ náà ni agbára rẹ̀ ti lọ. Irọ́ náà ń yọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀, ó tiẹ̀ ń ya òun alára lẹ́nu. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, wọ́n ń pòṣé. Láàárín irú àwọn ènìyàn yẹn, ẹni tó bá ra ọkọ̀ tí kò dára, yẹ̀yẹ́ ni. Ẹni tó bá ba èyí tó dára jẹ́, wọn ò ní bá a jókòó mọ́. Lọ́yà pàápàá dẹ́kun ẹ̀rín.

Ìyàwó rẹ̀ sún mọ́ ọn. Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ̀bùn Bàbá mi. Ẹ bà á jẹ́, ẹ wá ń jókòó sídìí tábìlì mi ní gbogbo Sátidé, ẹ̀ ń yìn ín fún un."

Ìyàwó ní òun ò ní wọ ọkọ̀ náà. Ní tòótọ́ kò sí àyè fún ẹni mẹ́ta níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, takisí ló bá wá. Lọ́yà, tí ilé rẹ̀ ò jìnnà sí tiwọn, ní òun á gbé e délé. Bàbá tẹ̀ ba, ó wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àna rẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Ojú ọ̀nà ni àgbàlagbà náà ti sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí eékún, ó ń wo iwájú.

"Àna mi, ẹ́ńjìnnì tó bá ti gbóná báyẹn rí máa ń ní àpá nínú. Ọjọ́ méjì ni mo fi wà nídìí ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, tí mò ń wá bí mo ṣe máa fi díẹ̀ kún agbára ẹ̀. Kò sí àpá kankan níbẹ̀."

Dókítà di sítíárìn mú.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?" ni Bàbá bi í.

"Ó ti pẹ́, Bàbá. Òjò kan tó rọ̀ kí ìgbéyàwó wa tó pé ọdún kan. Mo rí ọwọ́ yín níbẹ̀."

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó bi í bóyá ó rántí ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá jẹun nílé òun, nígbà tó ń fẹ́ ọmọ òun sọ́nà. Dókítà ní òun rántí. Ó rántí aṣọ tí ọmọbìnrin náà wọ̀, ó rántí bí òun ṣe fẹ́ kí wọ́n gba tòun.

"Mo ti ra ọkọ̀ yìí nígbà yẹn," ni Bàbá wí. "Tá a bá jẹun tán, mo fẹ́ mú ẹ lọ ṣí i wò. O wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fúnra ẹ. O ní ti Yúróòpù nìkan ni ọkọ̀, o ní ti Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi táyà sí ni, o ní ẹni tó bá gbé irú ẹ̀ fún èèyàn, ó fẹ́ fi onítọ̀hún ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ọmọ mi ń wo ẹnu ẹ, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ náà sì wà lẹ́yìn ògiri tó o fẹ̀yìn tì."

Ẹsẹ̀ dókítà fúyẹ́ lórí epo, ọkọ̀ náà sì rọra falẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló ń gbọ́ padà ní ohùn ara rẹ̀, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ kí wọ́n mọ òun ní ọlọ́gbọ́n. Ó ti ń bínú láti ọjọ́ yìí pé wọ́n ti òun mọ́ inú irọ́ tí kì í ṣe tòun. Àṣé òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu gbé pọ́tì náà wá. Ó wù ú kó bẹ Bàbá, kò sì mọ ibi tí ẹ̀bẹ̀ ọ̀hún ti máa bẹ̀rẹ̀.

Bàbá ní gbogbo ohun tí ojú lè rí lára ọkọ̀ náà ni òun yí padà, bọ́mpà, iná, aago. Ó ní òun rò pé òun á rí ẹ́ńjìnnì ti Yúróòpù rà lọ́jọ́ kan, òun á sì pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Òun ò rí i. Gbogbo Sátidé tí àna òun bá ń yin ọkọ̀ náà, tábìlì ni òun máa ń wò. Òun ń bi í torí pé bí òun ò bá bi í, wọ́n á fura. Ẹ gbọ́ ọ o: àwọn ọkùnrin méjì, ẹnìkan ń béèrè torí ìbẹ̀rù, èkejì ń dáhùn torí ìbẹ̀rù, obìnrin kan wà láàárín wọn tó ń rò pé ìfẹ́ ni.

"Tá a bá délé, màá sọ fún un," ni Bàbá wí. "Kò yẹ kó o tún ru ìyẹn lé èyí tó o ti rù."

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á fẹ́ kí dókítà bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ. Kò bẹ̀ ẹ́. Àyà rẹ̀ fúyẹ́ bí ìgbà tí wọ́n tú bẹ́líìtì ẹrù yẹn. Ó ṣí gíláàsì, afẹ́fẹ́ wọlé. Ó ronú pé ní alẹ́ òní, ìyàwó òun á bínú, á sunkún, àmọ́ á tún wo òun gẹ́gẹ́ bí ènìyàn. Ó tiẹ̀ fi jíà sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó jẹ́ kí ọkọ̀ náà sáré díẹ̀, ìwọ̀n tó lè sá. Kò burú bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń gùn ún, kò gbádùn rẹ̀ tó ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn.

Ìyàwó ti délé ṣáájú wọn. Ti Yúróòpù tòótọ́ ló gbé e, ìyẹn ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó dúró lẹ́nu géètì, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò wo ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀. Apá Bàbá rẹ̀ ló gbà, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì lóṣòó tì í kí ojú wọn lè ṣe déédéé, nítorí ọkọ̀ náà wálẹ̀.

"Ọmọ mi," ni Bàbá bẹ̀rẹ̀, "ọ̀rọ̀ kan wà."

"Bàbá mi, ẹ má sọ nǹkankan. Mo mọ̀ pé ó dùn yín." Ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ọwọ́ tó ní àpá. "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ẹnìkan ṣoṣo ló wà láyé yìí tí kò purọ́ fún mi rí, ẹ̀yin ni. Ẹ jẹ́ n rí i tẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín, tí mo bá rí ìyẹn, mo lè fara da ìyókù."

Dókítà fi ọwọ́ lé orí sítíárìn, ó ń dúró. Ó gbọ́ bí Bàbá ṣe fa èémí sínú. Ó gbọ́ bó ṣe dá a dúró. Ẹyẹ kan ń ké lórí òrùlé aládùúgbò.

"Màá máa tètè wá ní Sátidé," ni àgbàlagbà náà wí níkẹyìn, ó sì rẹ́rìn-ín. "Màá máa kọ́ ọkọ ẹ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọkọ̀."

Ìyàwó nu ojú rẹ̀, ó dìde, ó ní kí ọkọ òun wá fa Bàbá sókè, ṣé ìyẹn náà á tún ṣòro fún un ni. Dókítà jáde, ó yí imú ọkọ̀ ká. Ó dúró níwájú àna rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i. Bàbá ò lè gbé ojú sókè. Ó di ọwọ́ náà mú, dókítà fà á, ìbàdí àgbàlagbà náà dún, ó sì dìde.

Ó ti dúró dáadáa, kò jọ̀wọ́ ọwọ́ náà. Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ àárín àtẹ́lẹwọ́ àna rẹ̀, lábẹ́, níbi tí ojú ọmọ rẹ̀ ò tó. Ó tẹ̀ ẹ́ gidi. Ó dúró díẹ̀, bó ṣe máa ń dúró. Lẹ́yìn náà ó yọ ọ́, ó sì tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ wọlé.